Títí Di Ọjọ́ Kẹwàá

Kíláàsì kan ni wọ́n fún wa nísàlẹ̀ Òkè Àṣá,
lẹ́yìn Ogbómọ̀ṣọ́, níbi tí ọ̀dà ti tán lójú ọ̀nà Igbẹ́tì.
Mẹ́fà ni wá. Ẹní mẹ́fà, abọ́ mẹ́fà, ife mẹ́fà,
ẹnìkan kò gbọdọ̀ fi ife ẹnìkejì mumi.
Dókítà Oyèérindé fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọjọ́ sára pátákó
lábẹ́ ìṣirò táwọn ọmọléèwé ò tíì parí.
Ọjọ́ kìíní. Ọjọ́ kejì.
Òkè ń wò wá. Àwa náà ń wo òkè.

Ibà tó ń gbé lára eku la wá wá.
Èmi ni mo ru pàkúté,
Láògún ru àpótí yìnyín tá a máa kó ẹ̀jẹ̀ sí.
Ṣùgbọ́n kí n tó bi eku léèrè ohun tó gbé pamọ́,
ó yẹ kí n kọ́kọ́ bi ara mi.
Àlejò kì í mọ gbogbo ẹrù tó rù wọ̀lú.
Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn kan wá ka èèyàn lókè yìí,
wọ́n bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, wọ́n gbé ọmọ jó, wọ́n ya fọ́tò,
wọ́n sọ̀ kalẹ̀.
Ikọ́ ni kò bá wọn sọ̀.
Orí márùn-ún ló yọ kúrò nínú iye tí wọ́n kọ lọ.

Lọ́jọ́ kẹfà, Láògún sín.
Ẹ̀ẹ̀kan péré.
Ó ní eruku ṣọ́ọ̀kì ni.
A ò dá a lóhùn. Ó wò wá títí,
ó ká ẹní rẹ̀, kò bú ẹnikẹ́ni,
ó fi ìbòmú bo ẹnu, ó bá ọ̀nà Ogbómọ̀ṣọ́ padà.
Àpótí yìnyín wá kún ẹrù mi. Ó wúwo.
Mo bínú nítorí ìsín kan ṣoṣo yẹn, kí n má purọ́.
Alẹ́ ọjọ́ kejì ló pè: ibà ti dá òun dùbúlẹ̀.
Ohùn rẹ̀ há. Gbogbo wa dákẹ́,
oníkálukú ń fọwọ́ kan ọrùn ara rẹ̀.

Dókítà nu pátákó. Ọjọ́ kìíní, lọ́tun.

Nígbà tí ẹ̀wàá pé la gun àpáta.
Ìyá Àwẹ̀ró ló kọ́kọ́ yọ sí wa,
ó na apá méjèèjì bí ẹni tó rí ọmọ tó ti sọnù.
Mo kúnlẹ̀ síbi tí mo wà,
ó ku ìgbésẹ̀ mẹ́fà.
Ó dúró. Apá rẹ̀ ṣì wà lófuurufú.
Orúnkún ń ta mí lórí òkúta, mo ní ó ti bínú.
Ó bú sẹ́rìn-ín: "Àṣé ilé tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ló ti wá!
Ta ló tiẹ̀ kọ́ yín ní ká máa bọ ara wa lọ́wọ́?"
Ó dúró lọ́hùn-ún, ó wúre fún mi.
Ìgbésẹ̀ mẹ́fà kò dá ire náà dúró.

A dẹ pàkúté. A wọ ìbọ̀wọ́, a bọ́ ọ, a sun ún.
A fọ ọwọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ fi hunjọ.
Ọmọdékùnrin kan, Àjàní, jókòó sórí ògiri, ó ń wò wá.
"Ẹ̀yin, ṣé a ń rùn ni?"
Mo ní: "Rárá o. Èmi ni mo lè máa rùn,
òórùn tí imú kankan ò lè gbọ́."
Ó ronú sí i. Ó sún sẹ́yìn díẹ̀.

Nígbà tá à ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tò sétí àpáta, wọ́n ń juwọ́.
A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. N ò kà wọ́n.
Mo kàn gba nọ́ńbà Ìyá Àwẹ̀ró.
Lálaalẹ́ ni mò ń pè é láti ìgbà náà.
Kí n tó sọ̀rọ̀, mo máa ń dákẹ́ ná,
mò ń fetí sílẹ̀ bóyá ẹnìkan ń wúkọ́ lẹ́yìn rẹ̀.